Ẹ wo ìgbẹ́ adìyẹ kí ẹ tó já ewé

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ládùúgbò wa ní Gáà Akanbi, nílùú Ìlọrin, ni pé: "Ìyá Àmínà, ewé wo lẹ ń lò fún adìyẹ yín?" Èmi náà á dá ìbéèrè padà fún wọn. Kí lẹ rí nínú ìgbẹ́ ẹ̀? Ṣé ẹ ti gbé e lọ́wọ́, kí ẹ fìka kan egungun àyà ẹ̀? Ṣé ẹ ti lọ yọjú sí wọn lóru? Àwọn kan máa ń rò pé ṣe ni mò ń fi oògùn pamọ́. Mi ò fi oògùn kankan pamọ́. Aràn inú, iná ara, kòkòrò tó ń sá pamọ́ sínú pákó, èyí tó ń gbé abẹ́ ìpẹ́ ẹsẹ̀, àti èyí tí ojú lásán ò lè rí tó ń fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo wọn. Ibi tí kálukú ń gbé yàtọ̀, ewé tó ran ọ̀kan sì lè má ran èkejì rárá.

Adìyẹ ìbílẹ̀ ni mò ń sìn lẹ́yìnkùlé. Òpìpí wà nínú wọn, aṣa wà nínú wọn, àwọn tí ọrùn wọn kò níyẹ̀ẹ́ náà wà níbẹ̀. Aṣọ ni mò ń rán jẹun, àmọ́ adìyẹ ló ń bá mi ra ìwé ọmọ, àkùkọ tí mo bá sì tà nígbà ìtùnú ààwẹ̀ àti Iléyá, owó orí ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọwọ́ ìyá ọkọ mi ní Òmù-Àràn ni mo ti kọ́ púpọ̀ nínú ewé tí mo mọ̀. Ìyá yẹn mọ ewé. Dóńgóyárò, ewúro, ejìnrìn, ìmí eṣú, ewé Akíntọ́lá, kò sí èyí tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Adìyẹ wọn kì í sì í kú bíi ti àwa ará ìgboro.

Ẹ wá wo bí adìyẹ ìyá ṣe ń gbé. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n bọ́ sóde, wọ́n gba ẹ̀yìn ilé aládùúgbò kọjá, wọ́n dé etí oko, orí igi ọsàn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wọ̀ sí lálẹ́. Ibi tí wọ́n bá yàgbẹ́ sí lónìí, kí wọ́n tó tún padà débẹ̀, oòrùn á ti gbẹ ẹ́, òjò á ti ṣàn án lọ. Tèmi ńkọ́? Ògiri bíríkì yí wọn ká. Ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ti ń jẹ, òun ni wọ́n ń yàgbẹ́ sí, òun náà ni wọ́n ń fẹsẹ̀ ha wá oúnjẹ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ewé tí ìyá fi ń wo adìyẹ tí ilẹ̀ gbà láyè, a gbé e wá sígboro, a ń fi wo adìyẹ tí a há mọ́. Ewé àbúlé ní ààyè ilẹ̀ tó ń bá a ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá ní ààyè yẹn, àfi kó wá nǹkan mìíràn fi dípò rẹ̀.

Aràn ni kí n kọ́kọ́ mú, torí òun ni gbogbo ayé mọ̀. Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Àgbébọ̀ á máa rìn kiri, ìyẹ́ á kún ara ẹ̀, ẹni tó bá ń wò ó láti òkèèrè á ní ó sanra. Ẹ gbé e. Ẹ fìka tọ egungun àyà ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ó bá a tó ti yọ ṣóńṣó, ẹran ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti lọ. Ó ń jẹun o, oúnjẹ ni kò ràn án. Ogbe orí ẹ̀ á ṣì, ẹyin tó ń yé á dín, tó bá jẹ́ òròmọdìyẹ ni, ìyẹ́ apá rẹ̀ á wó sílẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ á dàgbà jù ú lọ.

Nígbà tí a bá pa adìyẹ ni òtítọ́ máa ń hàn. Mi ò kì í da ìfun nù láì là á. Sísọ́ọ̀sì àtijọ́ kan tí kò gé aṣọ mọ́ ni mo yà sọ́tọ̀ fún un. Nígbà tí àwọn àna mi kan wá kí wa, a pa àkùkọ kan tó ti ń rù, mo tẹ́ ìfun rẹ̀ gbọọrọ sórí páálí lẹ́yìn ilé ìdáná, mo sì là á. Aràn funfun kún inú ẹ̀, òmíràn gùn tó ìka ọwọ́ mi, wọ́n ń yíra wọn. Mo tún la àpò méjì tó wà ní ìparí ìfun, tó jẹ́ pé ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ní, mo bá àwọn kéékèèké mìíràn níbẹ̀ tí wọn ò gùn ju èékánná lọ, àwọn yẹn tiẹ̀ pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àmínà ti sá dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé a ó jẹ adìyẹ yìí báyìí?" A jẹ ẹ́. Aràn wọ̀nyí kì í ba èèyàn gbé; a ti fọ ẹran, a sì sè é jinná, kò ku ohun kan níbẹ̀ mọ́.

Ìrìn àjò aràn ńlá yẹn ló yẹ kí gbogbo ẹni tó ń sìn adìyẹ lẹ́yìnkùlé mọ̀. Inú ìgbẹ́ ni ẹyin aràn ń bá jáde, àmọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò tíì lè ṣe adìyẹ ní nǹkan kan. Nínú ilẹ̀ tó gbóná tó sì lọ́rinrin, ó ń gbà tó bí ọjọ́ 10 sí 14 kí ohun tó wà nínú ẹ̀ tó dàgbà débi tó lè mú adìyẹ tó bá ṣà á jẹ. Tó bá wá wọlé tán, bí ọ̀sẹ̀ 5 sí 8 ni yóò fi dàgbà kí òun náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Lábẹ́ ìbòji, nínú ilẹ̀ tútù, ẹyin náà lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ekòló máa ń gbé e mì, adìyẹ á sì gbé ekòló mì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ aràn fi máa ń le nígbà tí òjò bá ti fìdí kalẹ̀ ní Kwara, títí di nǹkan bí oṣù Kẹwàá. Àwọn tí wọn ò tíì pé oṣù mẹ́ta ló ń jìyà ẹ̀ jù; àwọn tó ti dàgbà máa ń ní agbára díẹ̀ sí i.

Ó wá kan ewé. Hóró ìbẹ́pẹ ni mo gbà gbọ́ jù fún aràn yìí. Mo máa ń fọ̀ ọ́ kúrò nínú ẹran ara ìbẹ́pẹ, mo sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ kanra, mo gún un kúnná, mo sì pò ó mọ́ èérí ọkà bàbà pẹ̀lú omi díẹ̀. Àárọ̀ kùtù, kí wọ́n tó fẹnu kan nǹkan mìíràn, ni mo ń fún wọn. Oje ara ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n lágbára ju hóró lọ. Ohun tó wà nínú ẹ̀ náà ló ń mú kí ẹran líle rọ̀ nígbà tí a bá gé ìbẹ́pẹ dúdú sínú ìkòkò, iṣẹ́ kan náà ló sì ń ṣe lára awọ aràn. Àwọn olùwádìí ti dán an wò lára adìyẹ, ó dín aràn ńlá yẹn kù. Àmọ́ oje yẹn ń jó ọwọ́, ó sì ń jó ẹnu, mi ò fi sí ọ̀fun adìyẹ mi. Ohun kan tún wà nípa hóró náà: wọ́n ti rí i lára àwọn eku pé tó bá pọ̀ jù, ó ń ṣe àkóbá fún àtọ̀ akọ. Nítorí náà, àkùkọ tí mo bá fẹ́ kó máa gùn fún mi, mi ò fún un léraléra.

Ewúro náà dára, àmọ́ inú oúnjẹ ni kó wọlé sí. Púpọ̀ nínú wa ló ń fún un sínú omi mímu. Adìyẹ ń tọ́ ìkorò wò o. Mo ti jókòó tì wọ́n lóṣù Kẹta, nígbà tí oòrùn Ìlọrin kò fi ojú àánú wo ẹnikẹ́ni, mo rí bí wọ́n ṣe ń wá síbi ìmumi, wọ́n ki ẹnu bọ̀ ọ́, wọ́n gbọn orí, wọ́n sì kúrò níbẹ̀. Ní ọ̀sán, gbogbo wọn ti la ẹnu sílẹ̀, apá wọn ti ṣí kúrò lára, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Òùngbẹ lè pa adìyẹ kí aràn tó pa á. Láti ìgbà náà, mo máa ń rẹ́ ewúro wẹ́wẹ́ sínú èérí, mo sì ń fi omi tó mọ́ lásán sílẹ̀ fún wọn ní ibòji.

Ṣé ewé yìí ń ṣiṣẹ́? Ó ń ṣiṣẹ́ dé ìwọ̀n. Mo ń rí aràn nínú ìgbẹ́ wọn lọ́jọ́ kejì, èyí tí mo sì ń bá nínú ìfun àwọn tí a ń pa lẹ́yìn náà ti dín. Kò tán ṣá. Àwọn àgbà ní ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń mú kí àwọn èèyàn máa fi ewé kún ewé títí ìkòkò àgbo adìyẹ fi ń kún dé ẹnu. Nínú ọgbà tí ògiri yí ká bíi tèmi, kì í ṣe ewé ló kù kan. Ṣọ́bìrì ló kù. Tí a bá ń kó ìgbẹ́ kúrò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a ti gbé ẹyin aràn jáde kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ìkan nínú àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ń fún mi ní fáfá tó ń jábọ́ lára pákó, òun ni mo ń tẹ́ sílẹ̀ ilé wọn, tó bá sì ti tutù, mo kó o jáde lójú ẹsẹ̀. Mo tún fi nẹ́ẹ̀tì pín ọgbà sí méjì. Tí wọ́n bá wà ní apá kan, mo ro apá kejì, mo jẹ́ kí oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ gba ibẹ̀ dáadáa. Ìgbẹ́ tí mo bá kó, mo gbá a jọ sójú kan, mo bò ó kí ó gbóná kí ó sì jẹrà kó tó di ajílẹ̀ fún ewédú àti ṣọkọ.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ka oògùn òyìnbó sí ọ̀tá. Tí òròmọdìyẹ bá ti rù débi tí kò lè dìde, mi ò ní fi hóró ìbẹ́pẹ ṣeré, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta oògùn ẹran ọ̀sìn ni mò ń lọ. Kí ẹ ṣáà béèrè ohun tí ẹ ń rà. Piperazine mọ aràn ńlá yẹn nìkan, kò mọ àwọn yòókù; levamisole mọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ sì ka iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹyin tàbí ẹran rẹ̀. Ilé tí àwọn ọmọ ti ń jẹ ẹyin lójoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn máa ń ká lára jù, ó sì wà lára ìdí tí èmi fi kọ́kọ́ ń tẹ̀lé ewé fún àwọn àgbébọ̀ tí ara wọn ṣì le.

Aràn kan tún wà tó pẹlẹbẹ. Ẹ ó rí i lórí ìgbẹ́ tútù, ohun funfun bíi hóró ìrẹsì tó ń rọra rìn. Èèrà, yímíyímí àti eṣinṣin ló ń gbé e fún adìyẹ. Mi ò tíì rí ewé tó mú un lọ́wọ́ mi. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mi ò kì í fi èérí tó ṣẹ́kù sílẹ̀ sùn mọ́, torí òun ló ń pe èèrà. Tí ọ̀rọ̀ bá rú mi lójú, mo di ìgbẹ́ tútù sínú ọ̀rá, mo gbé e tọ dókítà ẹran lọ kí wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìlọrin, a kì í ṣe ará ibi tí kò ti sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Bí ewé bá ní ibi tó ti ń jọba, ara òde ni, pàápàá lára iná. Ara adìyẹ ni iná ń gbé tọ̀sán-tòru. Ẹ ṣí ìyẹ́ abẹ́ apá, ẹ ṣí ti ìdí, ẹ ó rí wọn, wọ́n pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n ń sá fún ìmọ́lẹ̀; ẹyin wọn á lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ìyẹ́, á funfun, á ṣù pọ̀. Ewé dóńgóyárò tí mo sá sí ibòji títí ó fi gbẹ ni mò ń gún. Mo dà á pọ̀ mọ́ yanrìn gbígbẹ àti eérú igi, mo kó o sínú táyà ọkọ̀ àtijọ́ tí mo fi lélẹ̀ sábẹ́ páànù kí òjò má pa á. Wọn ò dúró kí ẹnikẹ́ni wẹ̀ wọ́n. Àgbébọ̀ á wọ inú ẹ̀, á dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, á fi ẹsẹ̀ gbá a sórí ara títí yóò fi dé ìdí ìyẹ́, á wá dìde gbọn ara rẹ̀ nù, eruku eérú á bo gbogbo ibẹ̀. Àwọn tó bá kọ̀ tí wọn ò wọ̀ ọ́, mo fi ọwọ́ bù ú sí abẹ́ apá wọn. Dóńgóyárò kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀. Ìdàgbàsókè rẹ̀ ló ń dá dúró. Ẹyin iná ń pa láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nítorí náà ẹni tó bá lò ó lẹ́ẹ̀kan tó wá ní kò jẹ́, kò tíì lò ó.

Eérú tí mo ní yẹn, eérú igi ni. Eérú ọ̀rá àti rọ́bà tí wọ́n dáná sun kì í ṣe eérú adìyẹ. Kí ó sì gbẹ. Ṣebí omi eérú ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, ẹni tó bá ti fọwọ́ kàn án rí mọ bó ṣe ń jó.

Kòkòrò pupa ni ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, òun ló sì ń dà wá láàmú jù láìmọ̀, torí pé kì í sí lára adìyẹ lọ́sàn-án. Inú ihò pákó, ẹnu ọparun tó la, abẹ́ igi tí wọ́n ń wọ̀ sí, ibẹ̀ ló ń sùn. Òru ni ó ń jáde wá mu ẹ̀jẹ̀. Àgbébọ̀ kan nílé wa sàba, ó sì máa ń jókòó pẹ́ lórí ẹyin dáadáa tẹ́lẹ̀, ó kàn ṣàdédé fi ẹyin sílẹ̀. Àwọn kan ní ayé ni. Mo mú tọ́ọ̀ṣì fóònù mi lóru, mo mú àjákù aṣọ pópílíìnì funfun láti ṣọ́ọ̀bù, mo fi nu abẹ́ igi àti etí ìtẹ́ ẹ̀. Aṣọ náà fa ìlà ẹ̀jẹ̀ pupa gbọọrọ. Ayé wo? Bí èmi náà bá jókòó sójú kan tí wọ́n ń mu ẹ̀jẹ̀ mi láti alẹ́ dòwúrọ̀, màá fi ilé sílẹ̀.

Ilé la ń tọ́jú fún ìyẹn, kì í ṣe adìyẹ. Mo kó gbogbo ìtẹ́ jáde, mo sun koríko inú ẹ̀, mo sì da omi gbígbóná tí mo fi se ewé dóńgóyárò pẹ̀lú ọṣẹ dúdú sínú gbogbo ihò àti ẹnu pákó. Kí n má parọ́, ọkàn mi sọ fún mi pé gbígbóná omi náà ló ń ṣe ìlàjì iṣẹ́. Nínú ooru ilẹ̀ wa, ọ̀sẹ̀ kan ti tó kí kòkòrò yìí fi ti ẹyin di àgbà, nítorí náà ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni títí aṣọ funfun yóò fi mọ́. Má sì rò pé tí o bá kó adìyẹ kúrò fún oṣù kan, ebi á pa wọ́n. Wọ́n lè gbé ọ̀pọ̀ oṣù láìrí ẹ̀jẹ̀ mu. Mo ti yọ ọparun kúrò pátápátá, igi tí wọ́n fá dán ni mo fi rọ́pò rẹ̀, mo sì gbé ẹsẹ̀ igi náà sínú agolo tí ọ́ìlì dúdú wà nínú rẹ̀.

Ewé kan wà tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fi sílẹ̀: tábà. Òótọ́ ni pé ó ń pa iná. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ń pa kòkòrò, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín kòkòrò àti adìyẹ. Aládùúgbò wa kan rẹ ẹ́ mọ́jú, ó sì ki òròmọdìyẹ rẹ̀ bọ omi ẹ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n wọ́n ti ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, wọ́n ń gbọ̀n, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dalẹ́.

Ti ìpẹ́ ẹsẹ̀ dùn mọ́ mi torí pé ojú ni a fi ń rí i bó ṣe ń san. Kòkòrò tó kéré gan-an ló ń wọ abẹ́ ìpẹ́, ìpẹ́ á gbé sókè, ẹ̀fun á bò ó, ẹsẹ̀ á wú, adìyẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń ṣe é. Àmínà á gbé àgbébọ̀ náà mọ́ àyà, á fi aṣọ bo ojú ẹ̀ kí ara ẹ̀ lè balẹ̀. Mo rẹ ẹsẹ̀ méjèèjì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí mo po ọṣẹ dúdú sí títí èèpá náà yóò fi rọ̀, mo wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́ láti òkè wá sísàlẹ̀, bí ìpẹ́ ṣe tò. Èyí tó bá fẹ́ tú á tú, èyí tí kò bá tú, mi ò fi èékánná ṣí i, torí ẹ̀jẹ̀ á jáde. Mo nù ún gbẹ, mo sì fi òrí tí mo yọ́ pọ̀ mọ́ àdí kun ún nípọn, títí wọ àárín ọmọ ìka. Òrí kì í wọ́n wa ní Ìlọrin, láti apá Kàíámà àti Bàrùtẹ́n ni wọ́n ti ń gbé e wá. Ọ̀rá yẹn ló ń dí kòkòrò náà lémìí. Mo tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìpẹ́ tuntun kì í yára hù, ó ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, àmọ́ títiro máa ń kọ́kọ́ lọ. Àwọn tó ń fi kẹrosíìnì pa ẹsẹ̀ adìyẹ, ẹ dákun, ó ń bó wọn lára.

Ibi tí mo wá ti ń gbé ewé jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Òròmọdìyẹ tó ti tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, ilẹ̀ tó tutù, òjò, ẹ ó kàn rí wọn tí wọ́n ká jọ, ìyẹ́ wọn ṣí, ojú wọn pa dé, ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́. Kì í ṣe aràn. Ohun tó ń fà á kéré débi pé ojú ò rí i, ó sì ń yára: láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìfun. Kí o tó gún ewé kí o tó sá a, wọ́n ti kú. Amprolium ni mo ń pò sínú omi wọn bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀, mi ò sì fún wọn ní fítámì pọ̀ mọ́ ọn lásìkò náà, torí fítámì B1 ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ gbígbẹ, ilẹ̀ gbígbẹ, ilẹ̀ gbígbẹ.

Lúkúlúkú, àrùn tí òyìnbó ń pè ní Newcastle, ńkọ́? Kò sí lára ọ̀rọ̀ aràn rárá, àmọ́ wọ́n máa ń bi mí mọ́ ọn nígbà ọyẹ́. Ata gígún, àlùbọ́sà ayù, ewúro, gbogbo ohun tí wọ́n ń fún adìyẹ nígbà náà, mi ò rí èyí tó dá a dúró. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni, èyí tí wọ́n ń kán sójú náà wà. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Vom, nítòsí Jos, ń ṣe é nílẹ̀ wa níbí. Kí ọyẹ́ tó dé ni kí ẹ ti ṣe é.

Ó ku àwọn tí a ń rà wọlé. Adìyẹ ọjà, bó ti wù kó dára tó lójú, inú àgò lọ́tọ̀ ló ń wà nílé mi fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán, jìnnà sí àwọn yòókù. Ibẹ̀ ni mo ti ń wo abẹ́ apá ẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń wo ẹsẹ̀ ẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń jẹ hóró ìbẹ́pẹ, ìgbẹ́ rẹ̀ sì ń bọ́ sórí páálí tí mo lè kó dànù. Ti tòlótòló tiẹ̀ tún yàtọ̀. Aràn kéékèèké tó ń wà nínú àpò ìfun adìyẹ yẹn ń gbé àrùn kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe adìyẹ ní nǹkan, àmọ́ tó ń jẹ ẹ̀dọ̀ tòlótòló títí yóò fi kú. Àbúrò ọkọ mi gbé takọtabo wá láti Ọ̀fà, ó ní, "Ìyá Àmínà, ẹ bá mi dà wọ́n pọ̀ mọ́ tiyín." Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ má bínú, àwọn yìí ò lè tẹ ilẹ̀ tí adìyẹ mi ti ń tẹ̀." Inú ẹ̀ ò dùn, ó rò pé mò ń yàn wọ́n sọ́tọ̀ ni. Mo fi ìfun hàn án lọ́jọ́ tí a pa adìyẹ. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n wà báyìí, ó ti ra páànù tí a ó fi bo ilé wọn.